Ohùn ta ló yẹ ká fi gbọ́ Huckleberry Finn?

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Wọ́n fún ọmọ mi ọkùnrin níṣẹ́ nílé ìwé pé kó ka Adventures of Huckleberry Finn tí Mark Twain kọ. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n kò tíì ka ojú ìwé mélòó kan tó fi gbé e jù sílẹ̀, ó ní irú Gẹ̀ẹ́sì wo nìyí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì rí ohun tó ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu ni òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, kò ro ti sípẹ́lì tí tíṣà ń kọ́ni rárá. Mo wá rò ó pé bó bá fetí gbọ́ ọ, ó ṣeé ṣe kó yé e.

Audiobook rẹ̀, ìyẹn ìwé tí wọ́n kà sílẹ̀ fún àfetígbọ́, tó wà níta kò lóǹkà. Èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ̀, akàwé rẹ̀ ń sáré. Èkejì, ohùn tó fún Jim, ọkùnrin ẹrú inú ìtàn náà, bí mi nínú. Èwo lẹ̀yin ti gbọ́ tẹ́ ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí? Ṣé a lè rí ọ̀fẹ́ tó dáa? Àti pé èébú tí wọ́n fi ń pe èèyàn dúdú kún inú ìwé náà. Báwo ni kí n ṣe ìyẹn sí? Inú mọ́tò la ti máa ń gbọ́ nǹkan, àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 8 á sì wà lẹ́yìn.

Ọ̀rẹ́ Ìwé, Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kẹ́ ẹ tó máa yan ohùn, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá odindi ìwé ni wọ́n kà. Orí 43 ló ní. Bí akàwé kò bá sáré, tí kò sì fa ọ̀rọ̀ jù, wákàtí 10 sí 12 ló máa gbà. Bẹ́ ẹ bá rí èyí tó jẹ́ wákàtí 2 tàbí 3, wọ́n ti gé e ni. "Unabridged" ni kẹ́ ẹ máa wá lára rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nípa gígé ìwé yìí ni pé ibi tó dà bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Ní orí 19, Huck, ọmọ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìwé náà, àti Jim kàn nà gbalaja lórí àwọn igi tí wọ́n so pọ̀ bí ọkọ̀, odò ń gbé wọn lọ lóru, wọ́n ń jiyàn bóyá ṣe ni wọ́n dá àwọn ìràwọ̀ tàbí ṣe ni wọ́n kàn ṣàdédé wà. Jim ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òṣùpá ló yé wọn. Ta ló máa gé irú ìyẹn?

Ní ti ọ̀fẹ́, ẹ lọ sórí LibriVox. Hugh McGuire ló dá a sílẹ̀ ní Montreal lọ́dún 2005. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ka ìwé tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti kúrò lórí rẹ̀, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ọdún 1910 ni Twain kú, nítorí náà ìwé yìí ti di ti gbogbo ayé. Ohùn tó kà á níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, torí wọ́n máa ń gbà kí ẹlòmíì tún ìwé kan náà kà. Ẹ má ṣe mú èyí tó bá kọ́kọ́ jáde, ẹ wo gbogbo wọn. Bí dáta bá ń jẹ ẹnikẹ́ni lówó níbí, kó wa èyí tó jẹ́ 64 kbps: wákàtí kan kò tó MB 30, odindi ìwé ò sì ní kọjá nǹkan bíi MB 350. Ohùn ènìyàn ni, kì í ṣe orin, etí yín ò ní mọ̀ pé ó kéré.

Ẹ jọ̀ọ́, ohùn tí iléeṣẹ́ gbà sílẹ̀ tí wọ́n ń tà ṣì ní ẹni tó ni ín. Ẹ má máa pín in kiri lórí WhatsApp torí pé ìwé náà ti dàgbà.

Awakọ̀ Òru, Ohio

Elijah Wood ni tèmi. Òṣèré fíìmù ni, Audible, iléeṣẹ́ tó ń ta ìwé àfetígbọ́, ló sì gbé tirẹ̀ jáde ní 2010. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ohùn ọmọdé ṣì wà lọ́fun rẹ̀. Ẹ rántí pé Huck fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọmọ ọdún 13 tàbí 14 sì ni. Àwọn akàwé kan máa ń fi ohùn bàbá àgbà kà á, bí ẹni tó ń rántí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti ayébáyé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọ̀rọ̀ ṣì gbóná lẹ́nu ọmọ yìí, kò tíì mọ bó ṣe máa tú gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí. Ní orí 18, ó rí i bí wọ́n ṣe pa ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjà ìdílé méjì. Ó ní òun ò ní sọ gbogbo rẹ̀, torí bóun bá sọ ọ́, ara òun á tún dà rú. Akàwé tó bá ń sunkún sí i níbẹ̀ ti bà á jẹ́. Wood kò ṣe àṣejù.

Iṣẹ́ máa ń gbé mi gba Cairo kọjá, ní ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tí odò Ohio ti dà pọ̀ mọ́ Mississippi. Ibẹ̀ ni Huck àti Jim ń wá, kí wọ́n lè yà sí odò Ohio lọ sí ìpínlẹ̀ tí kò ti sí ẹrú. Kùrukùru dí wọn lójú lóru. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n rí omi Ohio tó mọ́ létí odò, omi Mississippi tó pọ́n bí ẹrẹ̀ sì wà lóde, wọ́n bá mọ̀ pé Cairo ti dẹ̀yìn. Gbólóhùn kan péré ni Twain fi sọ ọ́. Ẹni tó bá ń sáré kà kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ láti ibẹ̀ lọ, gúúsù ni odò ń gbé ọkùnrin tó sá kúrò lóko ẹrú lọ, sí àárín gbùngbùn ilẹ̀ ẹrú.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, Abẹ́òkúta

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo gba ti Awakọ̀ nípa ohùn ọmọdé, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi, n kò ní fi ohùn Huck yan akàwé. Ohùn Jim ni mo fi ń yàn án.

Twain kọ àkíyèsí kékeré kan síwájú ìwé náà pé ẹ̀ka-èdè méje lòun lò: ti àwọn dúdú Missouri, ti àwọn ará oko gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ti Pike County (àgbègbè kan ní Missouri), àti oríṣi mẹ́rin tó yà lára ti Pike County. Ó ní òun ń sọ ọ́ kí òǹkàwé má baà rò pé ṣe ni gbogbo wọn ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ bákan náà tí wọn ò rí i ṣe. Àwa Yorùbá kò nílò àlàyé yẹn. Bí ará Ìjẹ̀bú, ará Èkìtì àti Ẹ̀gbá bá jókòó sí pálọ̀ kan, kò dìgbà tí wọ́n bá dárúkọ ìlú wọn ká tó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. A sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń sọ Èkìtì torí pé ọmọ Èkìtì ni, àti aláwàdà tó ń sọ ọ́ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi dá akàwé mọ̀.

Bí mo ṣe máa ń dán wọn wò nìyí. Mo máa ń gbọ́ orí 2, n ó sì fò lọ sí orí 15. Ní orí 2, Tom Sawyer, ọ̀rẹ́ Huck, bọ́ fìlà Jim lórí nígbà tó sùn, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi. Jim jí, ó ní àjẹ́ ló gun òun bí ẹṣin kiri. Ẹ̀rín ló wà níbẹ̀, kò sì burú kéèyàn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ní orí 15, kùrukùru yẹn ya Huck àti Jim sọ́tọ̀ lójú odò. Jim pè títí, ó rò pé ọmọ náà ti kú, ó sunkún títí oorun fi gbé e lọ. Huck wá padà, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní àlá ló lá, kùrukùru kankan ò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Jim wá rí ewé àti pàǹtí tó wọ́ jọ sórí igi wọn, tó mọ̀ pé irọ́ ni, ó wo ọmọ náà lójú, ó sì sọ fún un pé pàǹtí ni ẹni tó ń da ìdọ̀tí sórí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sì ń dójú tì í. Ó dìde, ó wọ inú àgọ́ lọ. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Akàwé tó ti sọ Jim di òmùgọ̀ aláriwo ní orí 2 kò ní rí ohùn tó máa fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ máa gbọ́ ọ bó ṣe ń wá a. Èyí tó mọṣẹ́ á ti gbin iyì sí ohùn Jim láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn kan náà ni, ẹ̀ka-èdè kan náà, kìkì pé lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Bí ọkàn yín ò bá tíì balẹ̀, ẹ fi orí 23 kún un, níbi tí Jim ti ń sọ nípa ọmọ rẹ̀ obìnrin, Elizabeth, tí ibà pupa ṣe nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 4. Jim ní kó ti ilẹ̀kùn, kò tì í, Jim gbá a létí. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn gbá ilẹ̀kùn náà dé gbàà lẹ́yìn ọmọ náà, kò sì mira. Àìsàn yẹn ti di etí rẹ̀. Mi ò lè gbọ́ ibẹ̀ kí n má dúró díẹ̀. Akàwé tó bá sáré kọjá níbẹ̀, ẹ dá owó rẹ̀ dúró.

Ìwé yìí tilẹ̀ ti jẹ́ ohun àfetígbọ́ láti ìgbà tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Láti 1884 wọ 1885, Twain àti George Washington Cable jọ ń rìn láti ìlú dé ìlú ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ka iṣẹ́ wọn fún èrò, Twain sì ń ka lára Huck kó tó jáde níbẹ̀ ní oṣù Kejì 1885. Ó dùn mí pé kò sí ohùn rẹ̀ kankan tó kù lónìí.

Ìyá Ìbejì, Houston

Tíṣà, Ọlọ́run á bù kún yín. A ṣe é lálẹ́ àná, èmi àti ọmọ mi, orí 2 àti orí 15, ohùn mẹ́ta. Ọ̀kan lára àwọn ti ọ̀fẹ́ LibriVox ló borí. Kì í ṣe òṣèré, èèyàn lè mọ̀ pé inú yàrá ilé rẹ̀ ló ti gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Jim sọ ọ̀rọ̀ pàǹtí yẹn, ọmọ mi gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n dá a padà kóun tún gbọ́.

Àmọ́ ibẹ̀ náà ni wàhálà mi wà. Huck lọ bẹ Jim, ó sì dára, ṣùgbọ́n èébú yẹn wà nínú gbólóhùn tó fi sọ pé òun lọ bẹ̀ ẹ́. Kí ni kí n wí fún ọmọ?

Bàbá Àgbà, Atlanta

Ọmọ mi, o ṣeun tí o bi í. Èébú yẹn ju 200 lọ nínú ìwé náà. Ní 2011, ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Alan Gribben, bá iléeṣẹ́ NewSouth Books ní Alabama gbé ẹ̀dà kan jáde tó yọ gbogbo rẹ̀, ó fi "slave" dípò. Mo mọ ìdí tó fi ṣe é: ó fẹ́ kí àwọn iléèwé tí wọ́n ti gbé ìwé náà tì tún lè kà á. Èmi kò fara mọ́ ọn. Wo gbólóhùn tí o sọ yẹn. Huck ní ó gba òun tó ìṣẹ́jú 15 kóun tó lè rẹ ara òun sílẹ̀ fún dúdú, ó sì lo èébú yẹn. Ó ní òun ṣe é, kò sì dun òun rí lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ ohun tí ìlú rẹ̀ kọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rìn lọ síbòmíràn. Bí o bá yọ ọ̀rọ̀ burúkú náà, ọmọ rẹ ò ní mọ bí ibi tí Huck ti ń bọ̀ ṣe jìnnà tó.

Ṣùgbọ́n má fi earpiece sí i létí kó máa dá gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yẹn lójú ìwé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ yẹn nínú etí ọmọ dúdú, kí ohùn àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí máa sọ ọ́ sí i léraléra fún wákàtí 10. Mo ti tọ́ ọmọ nílùú yìí, mo mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ jọ máa gbọ́ ọ. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, sọ fún un pé ilẹ̀ ẹrú ni Missouri nígbà tí ìtàn náà ṣẹlẹ̀, pé ọmọ ibẹ̀ ni Twain, pé ìgbà tí òfin ẹrú ti kásẹ̀ nílẹ̀ fún nǹkan bí 20 ọdún ló tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bi tíṣà rẹ̀ bákan náà bí wọ́n ṣe fẹ́ kà á sókè nínú kíláàsì, ìyẹn kó tó dé ọjọ́ náà. Ní ti àwọn ìbejì, gbé e kúrò nínú mọ́tò. Ọmọ ọdún 8 kò tíì lè ru u.

Àǹtí Peckham

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Mo bá yín lọ lórí ti àwọn ìbejì. Àwọn tèmi, The Adventures of Tom Sawyer ni mo fi bẹ̀rẹ̀ fún wọn, èyí tí Nick Offerman kà fún Audible ní 2016. Ohùn rẹ̀ tutù, ó mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín láìpariwo. Ibi tí Tom ti fọgbọ́n mú àwọn ọmọ yòókù kun ọgbà dùn débi pé a gbọ́ ọ tán, a tún gbọ́ ọ.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, Abẹ́òkúta

Àǹtí, ó dùn lóòótọ́. Kí Ìyá Ìbejì kàn mọ̀ pé èébú yẹn wà nínú Tom Sawyer náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀ tó ti Huck, àti pé bí wọ́n ṣe ya Injun Joe níbẹ̀ kò dáa sí àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Kó kọ́kọ́ fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ tán.

Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo ṣí ìwé náà síwájú bí mo ṣe ń gbọ́. Ọ̀fẹ́ ni lórí Project Gutenberg, ibi tí wọ́n ń kó ìwé ọ̀fẹ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà 76 ni, àwòrán tí E. W. Kemble yà sí i látilẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo dín iyára kù sí 0.8 fún ìwọ̀nba orí àkọ́kọ́. Nígbà tí etí mi mọ ọ́n, mo dá a padà. Gẹ̀ẹ́sì tí mi ò lè kà di ohun tó ń yé mi láìròtì.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ ohun kan. Bẹ́ ẹ bá dé orí 16 tí ohùn àti ìwé ò bá ara wọn mu, ẹ má rò pé fáìlì bàjẹ́. Apá gígùn kan wà, ti àwọn atukọ̀ tí Huck lọ fara pamọ́ tẹ́tí sí lórí ọkọ̀ igi ńlá wọn. Twain ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé rẹ̀ mìíràn ní 1883, wọ́n sì yọ ọ́ nínú Huck. Àwọn ẹ̀dà kan lónìí ti dá a padà, àwọn mìíràn ò dá a padà. Ẹ wo èyí tí iléèwé ń lò kẹ́ ẹ tó yan ohùn.

Lórí ohun tí Tíṣà sọ: Shelley Fisher Fishkin kọ ìwé kan ní 1993 pé ohùn Huck fúnra rẹ̀ jáde lára ọmọ dúdú kan, Jimmy, tí Twain pàdé, tó sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ní 1874. Láti ìgbà tí mo ti kà á ni mo ti ń sá fún akàwé tó bá fi òkè àti ìsàlẹ̀ sáàárín ohùn Huck àti ti Jim.

Ọ̀rẹ́ Ìwé, Ìbàdàn

O káre, Akẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ Huck tán, ẹ fi James tí Percival Everett kọ tẹ̀ lé e. Ó jáde ní 2024, ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 2025, Dominic Hoffman ló kà á. Jim ló ń sọ ìtàn náà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹrú bá dá wà, Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara ni wọ́n ń sọ. Bí aláwọ̀ funfun bá dé, wọ́n á yí ohùn padà kó lè rò pé wọn ò gbọ́n. Ìwé tí wọ́n kọ fún etí nìyẹn. Ẹ má fi ṣáájú o, ẹ jẹ́ kí ohùn ti àkọ́kọ́ ti wọ ọmọ náà lára.

Awakọ̀ Òru, Ohio

Ó ku ìbéèrè kan fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ dópin. Láti orí 33, tí Tom Sawyer tún dé tó ń fi Jim tí wọ́n tì mọ́lé ṣeré bí inú ìwé ìtàn, ó sú mi. Ṣé kí Ìyá Ìbejì jẹ́ kí ọmọ fò ó ni?

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, Abẹ́òkúta

Ó ti sú ọ̀pọ̀ èèyàn ṣáájú yín, ọ̀mọ̀wé àti òǹkàwé lásán. Kó má fò ó, iléèwé máa bi í níbẹ̀. Kó gbé iyára lọ sí 1.25 tí wọ́n bá ń gbẹ́ ihò lábẹ́ ahéré, tí Tom ń kó eku àti ejò wọlé. Kó dá a padà sí 1 ní orí 40, níbi tí ìbọn ti bà Tom lẹ́sẹ̀, tí Jim sì ní òun ò ní kúrò níbẹ̀ bí dókítà ò bá dé, òmìnira ibẹ̀ ì báà bọ́ lọ́wọ́ òun. Kó fi í sí 1 títí dópin. Nínú orí tó kẹ́yìn, Jim sọ ohun tó ti ń fi pa mọ́ fún Huck láti orí 9, nípa òkú tí wọ́n bá nínú ilé tó léfòó lójú omi. Gbólóhùn díẹ̀ ni, ó sì tètè kọjá.